Ìrànwọ́ Ìjọba lórí Owó Iná àti Epo Ìdáná Ìdílé

Ìrànwọ́ lórí owó iná àti epo ìdáná ni gbogbo ọ̀nà tí ìjọba ń gbà bá ìdílé gbé lára owó tí wọ́n ń ná sórí ohun tí wọ́n fi ń se oúnjẹ, tí wọ́n fi ń tan iná sílé, tí wọ́n sì fi ń mú ilé móoru níbi tí òtútù ti ń mú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó ìgbà òtútù tí wọ́n ń fún àwọn àgbàlagbà ló gbajúmọ̀ jù. Ní Nàìjíríà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, orí epo òyìnbó, epo bẹntiróòlù, gáàsì ìdáná àti iná mànàmáná ni ìrànwọ́ náà ti ń wọlé. Àyọkà yìí dá lórí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lọ́dọ̀ wa, pàápàá ní Ìjẹ̀gùn, àdúgbò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìkọ̀tún ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, ìpínlẹ̀ Èkó.

Ọ̀nà méjì tí ìrànwọ́ ń gbà dé

Ọ̀nà kìíní ni kí ìjọba dín iye owó ọjà kù fún gbogbo ènìyàn, kí ó sì san èyí tó kù fún ẹni tó kó ọjà wá. Ọ̀nà kejì ni kí ọjà máa tà ní iye tó ń tà, kí ìjọba sì fi owó lé ìdílé tó nílò rẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀nà kìíní rọrùn láti bẹ̀rẹ̀, torí kò béèrè ìwé orúkọ kankan. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹni tó ń ra púpọ̀ ló ń jàǹfààní púpọ̀: olówó tó ní ọkọ̀ mẹ́ta àti jẹnẹrétọ̀ ńlá ń jẹ nínú ẹ̀dínwó epo ju ìyá alákàrà lọ. Ọ̀nà kejì lè dé ọ̀dọ̀ tálákà tààrà, bí ìwé orúkọ bá pé, tí kò sì sí màgòmágó níbẹ̀. Láti àwọn ọdún 1970 títí di 2023, ọ̀nà kìíní ni Nàìjíríà gbára lé jù.

Epo òyìnbó

Epo òyìnbó, tí a tún ń pè ní kẹrosíìnì, ni epo ìdáná mẹ̀kúnnù ìlú ńlá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ₦50 ni iye tí ìjọba fọwọ́ sí fún lítà kan. Ní oṣù kẹfà ọdún 2009, Ààrẹ Umaru Musa Yar'Adua pàṣẹ pé kí wọ́n dáwọ́ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ dúró, torí kò dé ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n torí wọn gbé e kalẹ̀. Síbẹ̀, ilé iṣẹ́ epo ìjọba, NNPC, kò dáwọ́ dúró. Ní nǹkan bí ọdún 2011, ó gbé ètò Kero Direct jáde, kí ọkọ̀ epo lè máa wọ àdúgbò lọ ta epo ní ₦50 fún aráàlú.

Ní oṣù kejì ọdún 2014, Sanusi Lamido Sanusi, gómìnà Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà nígbà náà, sọ fún àwọn aṣòfin àgbà pé owó ìrànwọ́ orí epo òyìnbó kò bófin mu mọ́ lẹ́yìn àṣẹ ọdún 2009. Ó ní àwọn alágbàtà ń gba lítà kan ní ₦40.90, ṣùgbọ́n aráàlú kò rí i rà ní ₦50. Ní ọjọ́ 20 oṣù náà, Ààrẹ Goodluck Jonathan dá Sanusi dúró lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì fẹ̀sùn ìnákúnàá kàn án. Ẹni tó bá ra epo ní Ìkọ̀tún tàbí Ìgàǹdó láyé ìgbà náà mọ̀ pé òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ iye owó yẹn: ₦50 wà nínú ìwé, kò sí nínú kẹ́ẹ̀gì.

Ní oṣù kìíní ọdún 2016, iye tí ìjọba fọwọ́ sí di ₦83. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi iye rẹ̀ sílẹ̀ fún ọjà láti pinnu. Kí ọdún 2022 tó parí, lítà kan ti kọjá ₦1,000. Ọ̀pọ̀ ìdílé padà sórí èédú àti igi ìdáná, èéfín rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró ìyá tó ń dáná àti ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn jẹ́.

Ọ̀pá epo tó gba Ìjẹ̀gùn kọjá

Ọ̀pá tó ń gbé epo kọjá lábẹ́ ilẹ̀ wà ní Ìjẹ̀gùn, ewu rẹ̀ sì ti dé bá àwọn ará ibẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún ọdún 2008, katakata tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀nà gún ọ̀pá epo NNPC níbẹ̀. Epo tú, iná sì sọ. Ẹgbẹ́ Red Cross sọ pé ó kéré tán, 100 ènìyàn ló kú. Ilé àti ọkọ̀ jóná, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó wà nítòsí sì fara gbá nínú sáré-sáré ọjọ́ náà. Ní oṣù keje ọdún 2019, iná tún sọ lórí ọ̀pá epo ní agbègbè náà, ẹ̀mí sì tún lọ sí i. Àwọn tó ń fọ́ ọ̀pá láti jí epo ni wọ́n di ẹ̀bi yẹn rù.

Ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì kò rí bákan náà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà nínú wọn fún ẹni tó bá ń ṣírò ohun tí epo ń ná ìlú. Àdúgbò tí ọ̀pá gbà kọjá ń ru ewu tí kò sí nínú iye owó lítà kankan. Nígbà tí wọ́n bá sì ń sọ̀rọ̀ ìrànwọ́, wọn kì í ka ààbò irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ mọ́ ọn.

Epo bẹntiróòlù

Nítorí pé iná mànàmáná kì í dúró, epo bẹntiróòlù ti di ohun èlò ilé lọ́dọ̀ wa: òun ni jẹnẹrétọ̀ kéékèèké ń mu láti tan gílóòbù, láti yí fáànù àti láti lọ ata. Ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2012, ìjọba Jonathan yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀, lítà kan sì fò láti ₦65 sí ₦141. Àwọn òṣìṣẹ́ àti aráàlú fi ìyanṣẹ́lódì àti ìwọ́de dáhùn káàkiri orílẹ̀-èdè, ìjọba sì dá a padà sí ₦97. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ọjọ́ tí wọ́n búra fún Ààrẹ Bola Ahmed Tinubu, ó kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ. Kí oṣù keje ọdún náà tó parí, lítà kan ti dé ₦617 ní àwọn ilé epo NNPC kan.

Iná mànàmáná

Láti oṣù kọkànlá ọdún 2013 tí ìjọba ti ta àwọn ilé iṣẹ́ tó ń pín iná, Ikeja Electric ló ń pín in fún Ìjẹ̀gùn àti ìyókù Alímọ̀ṣọ́. Ní ọdún 2020, NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná, pín àwọn oníbàárà sí ìpele márùn-ún, láti A dé E, gẹ́gẹ́ bí iye wákàtí tó kéré jù tó yẹ kí wọ́n rí iná lójúmọ́: 20 fún A, 16 fún B, 12 fún C, 8 fún D, 4 fún E. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2024, NERC yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí ìpele A. Yúníìtì kan di ₦225, kí ó tó wálẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà. Wọn kò yọ ìrànwọ́ orí ìpele B dé E nígbà náà.

Wáyà tó ń gbé iná wá sí àdúgbò ni wọ́n fi ń mọ ìpele, kì í ṣe agbára ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Opó tí ilé rẹ̀ bọ́ sí ìpele A ń san iye kan náà pẹ̀lú olówó àdúgbò. Nínú ilé oníyàrá-kọ̀ọ̀kan tí ìlẹ̀kùn ti kojú síra, ìdílé mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá lè máa pín mítà kan lò. Lójú ilé iṣẹ́ iná, oníbàárà kan tó ń jẹ iná púpọ̀ ni gbogbo wọn. Àwọn tí kò tíì rí mítà gbà, bíìlì àfojúdá ni wọ́n ń mú wá bá wọn.

Òfin Iná Mànàmáná ọdún 2023 fàyè sílẹ̀ fún àpò owó tí wọn yóò fi máa ran àwọn oníbàárà tí kò rí já jẹ lọ́wọ́. Òfin náà ló tún fún àwọn ìpínlẹ̀ láǹfààní láti máa bójú tó ọ̀rọ̀ iná fúnra wọn. Gómìnà Babajide Sanwo-Olu fọwọ́ sí òfin iná ti ìpínlẹ̀ Èkó ní oṣù kejìlá ọdún 2024.

Sítóòfù, gáàsì àti owó fún ìdílé

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ₦9.2 bílíọ̀nù láti ra sítóòfù 750,000 tí kì í rú èéfín púpọ̀ fún àwọn obìnrin ìgbèríko. Ètò náà dá àríyànjiyàn sílẹ̀, kò sì dé ibi tí wọ́n fojú sùn. Ní ìparí ọdún 2023, ìjọba mú owó orí VAT àti owó ibodè kúrò lórí gáàsì ìdáná tó ń wọlé láti òkèèrè.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò ₦25,000 lóṣù, fún oṣù mẹ́ta, fún ìdílé mílíọ̀nù 15. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, Ààrẹ Tinubu dá àwọn ètò NSIPA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ètò ìrànwọ́ fún aráàlú, dúró kí wọ́n lè yẹ̀ wọ́n wò. Bí owó bá wà tí aráàlú kò sì fọkàn tán ìwé orúkọ, ìrànwọ́ kò lè rìn jìnnà.

Àpẹẹrẹ Ìlú Ọba

Ní ọdún 1997, nígbà tí Gordon Brown ń bójú tó ìṣúná, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn àgbàlagbà ní owó ìgbà òtútù, títí kan àwọn Yorùbá tó ti darúgbó sí Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù àti ibòmíràn. Nígbà tó yá, £200 ló ń kan ilé kan, £300 bí ẹni tó ti pé 80 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá wà níbẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2024, Rachel Reeves, tó ń bójú tó ìṣúná lọ́dún náà, kéde pé kìkì àwọn tó ń gba ìrànwọ́ owó ìfẹ̀yìntì tàbí ìrànwọ́ míràn fún aláìní ni yóò máa rí i ní England àti Wales. Ìbínú aráàlú pọ̀, ní oṣù kẹfà ọdún 2025 ìjọba sì dá a padà fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò ju £35,000 lọ. Bí wọ́n ti ń jiyàn tó lórí ẹni tó yẹ kó gbà á, owó náà ń wọ àpò ìfowópamọ́ àgbàlagbà náà tààrà, kò gba ọwọ́ alágbàtà kankan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dúró sí

Ìtàn epo òyìnbó fi hàn pé ìrànwọ́ tí a so mọ́ ọjà ń sọnù sọ́wọ́ alágbàtà kí ó tó dé ibi ààrò. Ohun tó kàn báyìí wà lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, tí òfin iná tirẹ̀ ti wà nílẹ̀. Kí wọ́n ka ìdílé, kì í ṣe mítà nìkan. Kí wọ́n lẹ ìwé orúkọ mọ́ ara ògiri ní gbogbo wọ́ọ̀dù, kí ará àdúgbò lè yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì tọ́ka sí orúkọ tí kò yẹ. Kí ìwé náà sì kan ayálégbé Ìjẹ̀gùn tó ń gbé yàrá kan, torí òun gan-an ni gbogbo ìrànwọ́ tó ti kọjá fò dá.