Bíréèkì Kẹ̀kẹ́ Ológeere: Ìdí Tí Táyà Ńlá Kò Fi Wọ Gbogbo Kẹ̀kẹ́

Owó ọkọ̀ ti wọ́n, ọ̀pọ̀ wa ló ń ra kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ fún àwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ bíréèkì díẹ̀, torí ẹ̀mí wà níbẹ̀.

Raleigh tí àwọn bàbá wa gùn, ilé-iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Nottingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní nǹkan bí ọdún 1888 ló ṣe é. Irin gbọọrọ ló ń fa bíréèkì rẹ̀, kì í ṣe wáyà. Rọ́bà rẹ̀ ń gòkè wá di ríìmù mú láti inú, níhà sípóòkù. Àyè pọ̀ lábẹ́ fíréèmù. Ìyẹn ni táyà ínǹṣì 28 tó nípọn ínǹṣì kan àbọ̀ ṣe ń wọ̀ ọ́, tí máàdigáàdì tún wà lórí ẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ eré ìje àtijọ́ yàtọ̀. Wáyà ló ń fà á. Apá bíréèkì méjì gba ẹ̀gbẹ́ táyà sọ̀kalẹ̀, wọ́n fún ríìmù lọ́tùn-ún lósì. Apá tó bá gùn máa ń tẹ̀, agbára ẹ̀ sì máa ń dín. Ìdí nìyẹn tí àwọn asáré fi fẹ́ kúkúrú. Ní 1968, Campagnolo ti ilẹ̀ Ítálì gbé bíréèkì tirẹ̀ jáde, àwọn mìíràn sì tẹ̀lé e. Nígbà tó yá, apá mìlímítà 47 sí 57 ń fi àyè sílẹ̀ fún ti 39 sí 49. Fíréèmù sún mọ́ táyà, máàdigáàdì kò ráyè mọ́, táyà tín-ínrín nìkan ló ń wọlé.

Wàhálà kejì ni ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Ríìmù ínǹṣì 27 ti àtijọ́ jẹ́ mìlímítà 630 níbi tí táyà jókòó sí. Ti 700C jẹ́ 622. Tẹ́ ẹ bá fi 700C rọ́pò 27, ríìmù á fi mìlímítà mẹ́rin jìnnà sí bíréèkì. Tí rọ́bà ò bá ṣeé sọ̀ kalẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, táyà ló máa gbá mú. Á máa jẹ táyà díẹ̀díẹ̀, títí á fi bẹ́ lọ́jọ́ tí ọmọ ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè.

Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wọn ibi tí nọ́ọ̀tì bíréèkì wọ fíréèmù dé ẹ̀gbẹ́ ríìmù. Ẹ tẹ bíréèkì, kí ẹ rí i pé gbogbo rọ́bà wà lórí ríìmù. Ẹ yí ẹsẹ̀ náà, kó má kan fíréèmù.

Ta ló ṣì ní Raleigh bàbá ẹ̀ nílé? Ẹ gbé fọ́tò ẹ̀ síbí ká rí i.