Orúkọ Àwọn Bàbá Wa Tí Wọ́n Jagun ní Bọ́mà

Ẹ̀yin ará mi nínú Ìsìláàmù, bí a bá ti Àkóbọ̀ dé Mọ́kọ́lá, a ó rí bárékè Letmauk. Ibì kan ní ilẹ̀ Bọ́mà ni Letmauk, níbi tí ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti jà ní 1945, nígbà ogun Hitler. Àwọn bàbá wa wà níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọmọ wá orúkọ bàbá wọn nínú ìwé ológun, wọn kò rí i. Ìdí ni pé akọ̀wé ológun a máa fi orúkọ ìlú rọ́pò orúkọ bàbá. Ràájì ọmọ Bùsárì lè di "Raji Ibadan". Bẹ́ẹ̀ sì ni Súrátúl-Ahzab, áyà 5, kò gbà kí á gba orúkọ bàbá lọ́wọ́ ọmọ àgbàtọ́ pàápàá.

Ẹ tú àpótí ilé, ẹ wá ìwé tí wọ́n fi fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀. Ẹ di nọ́mbà tí NA ṣáájú rẹ̀ mú: orúkọ lè yí, nọ́mbà kì í yí. Orúkọ nǹkan bí 27,000 ọmọ ogun tí a kò mọ sàréè wọn wà lára àwọn òpó ìrántí ní Taukkyan, ní Bọ́mà. Ti àwọn ará wa wà lára wọn.

Ṣùgbọ́n ìwé kò mọ Bùsárì. Àwọn ìyá àgbà ilé ló mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ń lọ. Ẹ tètè bi wọ́n, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Kí Ọlọ́hun ṣàánú àwọn bàbá wa. Àmín.