Ìtàn Ẹ̀rọ Ìdákọ̀ró, àti Èyí Tí Ó Wà Nínú Ọkọ̀ Ẹgbẹ́ Wa

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ níhìn-ín jáde láti inú àbá kan tí ó dé iwájú ìpàdé àpapọ̀ wa. Àwọn kan sọ pé kí a tú ẹ̀rọ àtijọ́ tí ó wà ní iwájú ọkọ̀ ojú omi ẹgbẹ́, kí a tà á fún àwọn tí ń ra irin àlòkù, kí a sì máa fi ọwọ́ lásán fa ìdákọ̀ró. Ìdí ọ̀rọ̀ wọn kò ṣókùnkùn sí ẹnikẹ́ni. Ní ọdún tó kọjá, nígbà tí ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò ká ọkọ̀ náà mọ́ orí ọ̀sà pẹ̀lú àwọn ìyá ọlọ́jà nínú rẹ̀, bíréèkì ẹ̀rọ náà kò mú. Gbogbo ẹ̀wọ̀n tú jáde, ọkọ̀ sì ń sún lọ sí ibi tí àwọn òpó èbúté wà. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé ìdí ẹ̀wọ̀n tí a so mọ́ igi ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kò já. A kò bá ẹnikẹ́ni wí nítorí ìbẹ̀rù rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó lé àgbà kúrò ní agbo, ó yẹ kí a mọ ibi tí ó ti wá.

Jíju ìdákọ̀ró sínú omi kò nira. Fífà á jáde ni iṣẹ́. Láyé àtijọ́, ìtì igi kan ni àwọn atukọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù máa ń gbé dùbúlẹ̀ ní iwájú ọkọ̀, tí wọ́n lu ihò sí i lára. Wọn a ti ọ̀pá bọ ihò náà, wọn a sì fi ipá yí ìtì igi náà díẹ̀díẹ̀, okùn ìdákọ̀ró a máa wé mọ́ ọn. Ahọ́n irin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ń bọ́ sínú eyín ìtì náà ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ó bá yí, kí ó má baà yí padà. Ohun kékeré ni ahọ́n yìí, ṣùgbọ́n òun ni kò jẹ́ kí ọ̀pá gbá àyà àwọn tí ń yí i. Ẹ̀rọ yìí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní wíńdílásì.

Nínú àwọn ọkọ̀ ogun ńlá, òòró ni ìtì náà máa ń dúró. Ọkọ̀ ogun Victory, tí wọ́n sọ sínú omi ní Ìlú Ọba ní ọdún 1765, ní okùn ìdákọ̀ró tí àyíká rẹ̀ tó ínṣì 24. Okùn bẹ́ẹ̀ kò ṣeé wé. Okùn tín-ín-rín mìíràn ni wọ́n máa ń wé mọ́ ẹ̀rọ. Àwọn ọmọdékùnrin inú ọkọ̀ a sì máa fi okùn kéékèèké so méjèèjì pọ̀, wọn a máa bá a rìn, wọn a tú u, wọn a tún sáré padà lọ so òmíràn. Ẹ wo bí iṣẹ́ ọmọdé ti wúlò tó!

Ní nǹkan bí ọdún 1808 ni Samuel Brown, ọ̀gá kan nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀wọ̀n irin rọ́pò okùn. Ẹ̀wọ̀n kì í jẹrà, òkúta ìsàlẹ̀ omi kì í sì í gé e. Ṣùgbọ́n ó máa ń yọ̀ lórí igi tí ó dán. Ìyẹn ni wọ́n fi ṣe kẹ̀kẹ́ irin tí a gbẹ́ kòtò sí lára, kí ojú ẹ̀wọ̀n kọ̀ọ̀kan lè jókòó sínú kòtò tirẹ̀. Láti ìgbà náà ni ẹ̀wọ̀n àti kẹ̀kẹ́ ti di tọkọtaya. Bí ojú ẹ̀wọ̀n bá fi díẹ̀ gùn ju kòtò lọ, yóò máa fò, yóò sì máa já bọ́. Lẹ́yìn èyí ni agbára ooru omi gbígbóná dé, àti iná mànàmáná lẹ́yìn rẹ̀. Ìyẹn kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀, nítorí agbára nìkan ni ó yí padà.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìtàn òkèèrè lásán nìyí. Kí wọ́n tó fi òkúta mọ odi sí ẹnu ọ̀sà Èkó, iyanrìn tí ó gbá jọ síbẹ̀ kò jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọlé. Ó di ọdún 1914 kí àwọn ọkọ̀ ńlá tí ń ti Ìlú Ọba bọ̀ tó rí ọ̀nà wọlé. Ṣáájú ìgbà náà, wọn a dákọ̀ró sí gbangba òkun, tàbí kí wọ́n já ẹrù sí Forcados kí àwọn ọkọ̀ kéékèèké wá kó o. Nínú àga onípákó tí a fi okùn so kọ́ ni wọ́n ti ń gbé èrò sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ ńlá sínú ọkọ̀ kékeré. Ìgbì kì í sinmi níbẹ̀. Bí ó bá gbé iwájú ọkọ̀ sókè, ẹ̀wọ̀n a na tantan, ìwúwo gbogbo ọkọ̀ a sì dé sórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gá ọkọ̀ tí ó gbọ́n kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ nìkan gba ìwúwo yẹn. Irin ìdènà kan wà tí a fi ń há ẹ̀wọ̀n níwájú ẹ̀rọ. Òun ni ẹ̀wọ̀n ń gbé ara lé, ẹ̀rọ a sì sinmi. Fífà ni iṣẹ́ ẹ̀rọ ìdákọ̀ró. Ẹni tí ó bá ní kí ó máa di ọkọ̀ mú ni yóò kán an.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí tiwa gan-an nìyẹn. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tú ẹ̀rọ náà, a rí i pé okùn irin ìdènà ti já láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì sí ẹni tí ó so òmíràn; bíréèkì nìkan ni ó ń di ọkọ̀ mú. A tún rí i pé ẹnì kan, pẹ̀lú ọkàn rere, ti fi gíríìsì kun inú bíréèkì náà! Jíà ni ó ń fẹ́ gíríìsì. Bíréèkì gbọ́dọ̀ gbẹ. Sípírìngì ahọ́n irin ti kán, nítorí náà ahọ́n kò bọ́ sínú eyín mọ́. Ọ́ìlì inú àpótí jíà ti funfun bí omi ògì, àmì pé omi ti wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n eyín jíà fúnra wọn pé, kò sí ọ̀kan tí ó ya. Irin náà kò ṣẹ̀ wá. Àwa ni a ṣẹ̀ ẹ́.

Alágbẹ̀dẹ ìlú wa ti rọ irin ìdènà tuntun. A ti fọ bíréèkì, a ti pààrọ̀ awọ inú rẹ̀ àti ọ́ìlì. A ti sọ fún àwọn atukọ̀ pé nígbà tí wọ́n bá ń fa ìdákọ̀ró, kí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì sún ọkọ̀ síwájú jẹ́jẹ́, kí ẹ̀rọ má baà máa fa ọkọ̀ àti irin pọ̀. Ẹ̀wọ̀n ni ó kù. A tẹ́ ẹ sí etí ọ̀sà, a sì wọ̀n ọ́n lójú kọ̀ọ̀kan. Nínú ọkọ̀ òkun, bí sísanra ẹ̀wọ̀n bá ti fi ìdá 12 nínú 100 dín, a kì í lò ó mọ́. Mìlímítà 10 ni tiwa nígbà tí ó wà ní tuntun. Apá kan tí ó sún mọ́ ìdákọ̀ró ti di 8. A ti gé apá náà kúrò, a sì ti yí ìyókù padà kí ìdí rẹ̀ di orí.

Mítà 20 ni a nílò láti fi dí àlàfo náà. Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní Liverpool àti Lọ́ńdọ̀nù, bí ẹ bá fẹ́ ràn wá lọ́wọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè ìwọ̀n kòtò kẹ̀kẹ́ wa lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́. Sísanra nìkan kò tó. Gígùn ojú ẹ̀wọ̀n náà gbọ́dọ̀ bá kòtò mu, kí ẹ tó sanwó.