Ìrìnàjò Sí Ọgbà Ẹranko Old Oyo: Ohun Tó Yẹ Kí Ará Gúúsù Èkìtì Mọ̀ Kó Tó Gbéra

Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti wọlé, tí ọyẹ́ ń fẹ́, tí ọdún ń sún mọ́lé, ọ̀pọ̀ ìdílé ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Èmùré a máa wá ibi tí wọ́n lè kó àwọn ọmọ lọ. Ìkógòsí ti mọ́ wọn lára, òkè Ìdànrè náà ò jìnnà. Àwọn kan fẹ́ ibi tó jù bẹ́ẹ̀ lọ: ilẹ̀ ọ̀dàn gbígbẹ tó wà lápá òkè ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, níbi tí ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní Old Oyo National Park wà. Ìrìnàjò náà ní ẹ̀kọ́ nínú, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tí èèyàn kàn ń wọ mọ́tò lọ láìbéèrè. Ibi tó yẹ kí ètò rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni ìbéèrè.

Irú ibi wo ni?

Ọgbà yìí kò dà bí èyí tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ti ẹranko mọ́ inú àgò. Igbó àti ọ̀dàn gidi ni, ó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóòró. Igbó ọba méjì ni wọ́n pa pọ̀ di ọgbà náà: ti Òkè Odò Ògùn, tí ìjọba yà sọ́tọ̀ ní 1936, àti ti Ọ̀yọ́-Ilé, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní 1941. Ọdún 1991 ni ó di ọgbà ìjọba àpapọ̀. Ìlú Ọ̀yọ́ ni olú ọ́fíìsì rẹ̀ wà, wọ́n sì pín in sí ẹkùn márùn-ún: Ọ̀yọ́-Ilé, Marguba, Tede, Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí àti Yemoso.

Lára ẹranko tó wà níbẹ̀ ni ẹfọ̀n, ìrá, ìgalà, ẹtu, ìmàdò, ìnàkí àti ìjímèrè. Àmọ́ ẹranko nìkan kọ́ ló ń pe èèyàn lọ. Inú ọgbà yìí ni ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà, olú ìlú tí àwọn Aláàfin ti ń ṣàkóso kí ogun tó tú u ká ní nǹkan bí ọdún 1835 sí 1837. Lẹ́yìn ikú Aláàfin Olúewu lójú ogun, Àtìbà di Aláàfin, ó sì tẹ Ọ̀yọ́ tòní dó. Àpáàdì, ìpìlẹ̀ odi ìlú àti ọlọ ìgbàanì wà nínú igbó náà títí di òní. Ní 1995, Nàìjíríà fi orúkọ Old Oyo sínú àkọsílẹ̀ ibi tó ń fẹ́ kí UNESCO gbà gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé.

Ẹni tó bá ti inú igbó Èkìtì dé ibẹ̀ yóò tètè rí ìdí tí Ọ̀yọ́ fi lágbára ogun ẹlẹ́ṣin. Ilẹ̀ tẹ́jú, igi ò dí mọ́ra, ẹṣin lè sáré. Òkè àti igbó dídí bíi ti Èkìtì kò gba ẹṣin bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè àkọ́kọ́: ṣé ọ̀nà mọ́ lásìkò yìí?

Kí ẹnikẹ́ni tó máa ṣírò owó epo, ọ̀rọ̀ ààbò ni kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní ọdún 2026, àwọn agbébọn kọlu ọ́fíìsì ọgbà Old Oyo ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríire, wọ́n sì pa àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Igbó tó lọ láti àríwá Ọ̀yọ́ dé Kwara àti Niger fẹ̀ gan-an, kò sì sí ẹni tó lè wà ní Ìkẹ́rẹ́ kó mọ bí ibẹ̀ ṣe rí lọ́sẹ̀ yìí.

Fún ìdí èyí, olú ọ́fíìsì ọgbà ní ìlú Ọ̀yọ́ ni kí ẹ ti béèrè, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó lọ síbẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́rin: Ẹkùn wo ló ṣí fún àlejò? Ṣé ẹ̀ṣọ́ igbó máa bá wa wọlé? Ọ̀nà wo ni kí a gbà dé ẹnu géètì? Ibo ni a máa sùn? Bí ìdáhùn ọ̀kan ò bá yé yín, ẹ má gbéra. Ẹ tún béèrè nígbà tó bá ku ọjọ́ kan, torí ọ̀rọ̀ ààbò lè yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá béèrè kì í ṣìnà.

Ìgbà wo ló dára?

Oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta ni àkókò tó dára jù. Koríko á ti gbẹ, wọ́n á ti jó púpọ̀ nínú rẹ̀, ojú á sì lè ríran jìnnà. Omi kéékèèké inú igbó á ti gbẹ, nítorí náà àwọn ẹranko á máa wá mu omi ní bèbè odò tó ṣẹ́kù, níbi tí àlejò ti lè rí wọn. Ní àkókò òjò, koríko a máa ga ju orí èèyàn lọ, ọ̀nà inú ọgbà a sì di ẹrẹ̀.

Ọ̀gbẹlẹ̀ náà ní tirẹ̀ o. Eruku ọyẹ́ ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá, pàápàá láti apá Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad. Ní àárọ̀ kùtùkùtù, ó lè bo ojú pópó débi pé awakọ̀ ò ní rí mọ́tò tó wà níwájú. Ẹni tó bá ní ikọ́ fée kò gbọdọ̀ gbàgbé oògùn rẹ̀ sílé. Ní oṣù Kẹta, oòrùn a máa mú gan-an.

Ọ̀nà wo ni kí a gbà?

Ará Ìsẹ̀ àti Èmùré lè bọ́ sí Ìkẹ́rẹ́, kí gbogbo wọn jọ kọjá sí Adó. Láti Adó, ọ̀nà Ìyìn àti Arámọkọ máa gbé wọn dé Iléṣà, kí wọ́n tó kọjú sí Òṣogbo.

Òṣogbo ni ọ̀nà ti pín. Ẹni tó ń lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé máa gba Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ìgbẹ́tì, ìlú tó wà lẹ́bàá òkè Ìyámọ̀pó. Ẹni tó ń lọ sí ẹkùn Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí máa gba Ìwó bọ́ sí Ọ̀yọ́, lẹ́yìn náà Ìsẹ́yìn. Ẹkùn tí wọ́n bá ní ó ṣí ló máa sọ ọ̀nà tí ẹ ó gbà.

Ohun kan wà tó lè ṣi èèyàn lọ́nà lórí fóònù. Ìsẹ́yìn ní ìdídò ńlá kan lórí odò Ògùn tó ń jẹ́ Ikere Gorge. Kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ẹni tó bá ń fi máàpù Google wá ọ̀nà, kó wo orúkọ ìpínlẹ̀ dáadáa.

Ẹ má ṣe ètò àlọ àtàbọ̀ ọjọ́ kan. Ọjọ́ mẹ́ta ló bójú mu: ọjọ́ kan fún àlọ, ọjọ́ kan nínú ọgbà, ọjọ́ kan fún àbọ̀. Ẹ gbéra bí ilẹ̀ bá ti mọ́, kí ẹ sì ti wọ ibi tí ẹ máa sùn kí oòrùn tó wọ̀. Ìrìn òru kò sí nínú ètò yìí rárá.

Ọkọ̀ àti ìwé rẹ̀

Ẹ gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ó tó di ọjọ́ tí ẹ ń lọ. Kó yẹ bíréèkì, bátìrì, fáànù àti rédíétọ̀ wò. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà: nọ́ńbà mẹ́rin kan wà níbẹ̀ tó ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é. Bí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni. Táyà tó ti pẹ́ lè bẹ́ nínú ooru, kódà bí ojú rẹ̀ bá ṣì dára.

Ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú búùtù ni ẹ̀sítírà táyà tó ní afẹ́fẹ́, jákì, sípánà, kọ́ṣọ̀n, ohun èlò panápaná, iná tọ́ọ̀ṣì àti omi rédíétọ̀. Ẹ kún táńkì ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀yọ́. Ẹ má fi kẹ́ẹ̀gì ru epo bẹntiróò sínú mọ́tò tí èèyàn jókòó sí, iná ni ẹ ń gbé kiri yẹn. Ìwé ọkọ̀, ìwé àṣẹ ìwakọ̀ àti káàdì ìdánimọ̀ gbogbo èrò gbọ́dọ̀ pé. Nọ́ńbà ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni 122, ti pàjáwìrì gbogbogbò ni 112.

Omi, ooru àti ìlera

Omi ni ẹrù àkọ́kọ́. Kí àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan ní ó kéré tán lítà mẹ́rin fún ọjọ́ kan, kí ó lé díẹ̀. Ẹ má dúró de òǹgbẹ kí ẹ tó mu ún, ẹ sì máa fún àwọn ọmọdé lóòrèkóòrè. Bí orí bá ń fọ́ èèyàn, tí èébì ń gbé e, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò já gaara mọ́, ooru ti ń pa á nìyẹn. Ẹ gbé e sábẹ́ ibòji, ẹ fi omi tútù nu ara rẹ̀, ẹ wá ilé ìwòsàn.

Aṣọ tó bo apá àti ẹsẹ̀, bàtà tó pa ẹsẹ̀ dé, fìlà àti oògùn ẹ̀fọn ṣe pàtàkì. Bí ejò bá bu ẹnì kan ṣán, ẹ má sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má fi ẹnu fa oró, ẹ má sì fi okùn dí i pinpin. Ẹ jẹ́ kó jókòó jẹ́ẹ́, kí ẹsẹ̀ náà má mira, kí ẹ tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Nínú ọgbà

Ẹ̀ṣọ́ igbó ló ń ṣáájú. Kò sí ìbọn, kò sí pàkúté, kò sí iná dídá níbi tó bá wu èèyàn, kò sì sí fífún ìnàkí lóúnjẹ. Ní Ọ̀yọ́-Ilé, ẹ má mú àpáàdì kankan bọ̀ wálé. Bí àlejò kọ̀ọ̀kan bá mú ẹyọ kan, ìtàn tó wà nílẹ̀ á tán.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í fi bẹ́ẹ̀ sí ní ọ̀pọ̀ ibi. Nítorí náà, kí ẹnì kan nílé ní àkọsílẹ̀ ọ̀nà tí ẹ gbà, nọ́ńbà mọ́tò yín, àti aago tí ẹ máa pè. Bí ìpè náà ò bá wọlé, kó mọ ẹni tó máa fi tó létí.

Bí mọ́tò bá kọṣẹ́ nínú ọgbà, ẹ má fi í sílẹ̀ kí ẹ máa fẹsẹ̀ rìn. Ìmọ̀ràn kan náà ni wọ́n ń fún àwọn tó ń wakọ̀ gba inú aṣálẹ̀ Death Valley ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti wọn ooru tó tó 56.7°C ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 1913. Mọ́tò rọrùn láti rí ju èèyàn kan ṣoṣo lọ, ó sì ní ibòji.

Ọgbà tó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ

Nàìjíríà ní ọgbà tó wọnú ilẹ̀ aṣálẹ̀ gan-an. Ọgbà Chad Basin ní Borno àti Yobe ní òkìtì yanrìn àti orísun omi láàárín aṣálẹ̀ ní Bulatura. Kainji Lake ní Niger àti Kwara ní adágún tí wọ́n fi ìdídò ṣe ní 1968. Àmọ́ ọ̀rọ̀ àwọn agbébọn ti kó bá àwọn ibi méjèèjì, kò sì bójú mu láti kó ìdílé lọ síbẹ̀ báyìí. Yankari ní Bauchi ní erin, ó sì ní ìsun omi Wikki tó ń lọ́wọ́ọ́wọ́ ní 31°C, àmọ́ ọ̀nà rẹ̀ jìn gan-an láti Èkìtì, ètò tirẹ̀ sì gba ìbéèrè tó pọ̀ jù èyí lọ.

Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá

Bí wọ́n bá sọ pé ọgbà kò ṣí, tàbí pé ọ̀nà kò mọ́, kò sí ìtìjú nínú kí a sún un síwájú. Ìlú Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀ ṣeé lọ, Ìkógòsí wà níbẹ̀, òkè Olósùnta sì wà ní Ìkẹ́rẹ́. Kí àwọn òbí sì rántí pé igbó ọba tó wà ní Ìsẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi díẹ̀ tí chimpanzee ṣì kù sí ní ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà. Ọmọ tó bá mọ̀ pé irú ẹranko bẹ́ẹ̀ wà nítòsí ilé rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìrìnàjò náà. Ọ̀yọ́-Ilé á ṣì wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.