Láyípo: Orúkọ Mẹ́ta Lórí Òkè Kan

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí agolo òfìfo kan ṣe kọ́ mi ní ìtàn Ìbàdàn àti ti Ọ̀yọ́, ìlú bàbá mi.

Nígbà ọlidé tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi wálé láti London. Bọ̀dá mi yìí ò béèrè òde àríyá, kò béèrè àmàlà. Fóònù ló dì mọ́wọ́, ó ní òun ń wá ibi tí òun máa fi agolo pamọ́ sí. Mo ní, "Bọ̀dá, agolo kẹ̀? Ṣé kò sí nǹkan tó ṣe yín?" Ó rẹ́rìn-ín, ó wá ṣàlàyé fún mi.

Eré kan ni, geocaching ni wọ́n ń pè é. Títí di oṣù karùn-ún ọdún 2000, ìjọba Amẹ́ríkà mọ̀ọ́mọ̀ ń da ìṣirò GPS rú fún aráàlú, tó fi jẹ́ pé ẹ̀rọ rẹ̀ lè fi bíi 100 mítà ṣi ibi tí èèyàn wà. Nígbà tí wọ́n jáwọ́ níbẹ̀, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dave Ulmer gbé korobá kan lọ sínú igbó ní Oregon ní ọjọ́ 3 oṣù náà, ó kó àwọn nǹkan sí i, tó fi mọ́ agolo ẹ̀wà kan, ó sì fi nọ́ńbà ibẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá rí i, kó mú nǹkan, kó fi nǹkan sílẹ̀, kó sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé tó wà níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni eré yìí ti tàn káyé. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé àwọn tó ń fi nǹkan pamọ́ a máa kọ ìtàn ibẹ̀ mọ́ ọn, kí àlejò lè mọ ohun tí onílé ń kọjá lára rẹ̀ lójoojúmọ́ láì bojú wò ó.

Bọ̀dá ní, "Ìwọ tó ò ń kọ́ Yorùbá, ìwọ lo máa bá mi kọ ìtàn yẹn." Ibi tó sì mú ni Láyípo, ilé gogoro tó wà lórí Òkè Ààrẹ ní Ìbàdàn.

Mo ti gun Láyípo rí. Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi bọ́ọ̀sì kó wa wá láti Ọ̀yọ́. Àtẹ̀gùn inú rẹ̀ ń yí po ni, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Nígbà tí a dókè, a rí òrùlé páànù tó ti dípẹtà lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, a pariwo títí ohùn wa fi há. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé nítorí ta ni wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Mo gba láíbìrì lọ. Ọdún 1936 ni wọ́n kọ́ ilé gogoro náà, láti fi ṣe ìrántí Captain Robert Lister Bower, òyìnbó tó kọ́kọ́ jẹ́ Résídẹ́ǹtì ní Ìbàdàn láti 1893, ọdún tí àwọn ìjòyè Ìbàdàn tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Títí débẹ̀, kò sí wàhálà. Àfi ìgbà tí mo kà síwájú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1895, nígbà ayé Aláàfin Adéyẹmí Kìíní, Bower yìí kan náà kó ọmọ ogun lọ sí Ọ̀yọ́, ó sì yin àgbá lu ìlú. Samuel Johnson tó jẹ́ pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́ nígbà náà kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó parí ní 1897, tí àbúrò rẹ̀ sì rí i pé ó jáde ní 1921.

Mo pa ìwé dé. Èmi ọmọ Ọ̀yọ́, mo ti jó, mo ti yọ̀ lórí ìrántí ẹni tó yin àgbá lu ìlú àwọn baba mi. Kò sẹ́ni tó parọ́ fún mi o. Wọn ò kàn sọ ni.

Nígbà tó di Sátidé, a lọ. Bàbá àgbàlagbà kan jókòó sábẹ́ igi nísàlẹ̀ òkè. A dọ̀bálẹ̀, a ṣàlàyé. Bàbá wo agolo ọwọ́ bọ̀dá, ó mi orí.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, bí wọ́n bá rí yín níbi tẹ́ ẹ ti ń fi agolo pamọ́ lórí òkè yìí, oògùn ni wọ́n máa pè é. Ẹ yáa gbé e padà."

Kò sí bí a ṣe lè jiyàn. Òfin eré náà gan-an ní kéèyàn gbàṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀. Ni bàbá bá bi wá bóyá a tiẹ̀ mọ Ààrẹ tí òkè náà ń jẹ́. Ó ní Látòósà ni, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, tó kú sí ibùdó ogun Kírìjì. Ọdún 1885 nìyẹn. Mo wá bi bàbá léèrè nípa Bower.

"Ta nìyẹn?" ni bàbá wí.

Inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo ní àwọn ará Ìbàdàn ti gbẹ̀san fún wa, wọ́n ti fi Láyípo pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Mo ti fẹ́ yọ Bower kúrò nínú ohun tí mo ń kọ. Ṣùgbọ́n a ò tíì dé títì nígbà tí mo rántí ọ̀rẹ́ mi ọmọ Èkìtì. Ìnira lábẹ́ Ìbàdàn ló mú kí àwọn Èkìtì Parapọ̀ dìde ogun Kírìjì. Bí Bower ṣe rí létí mi, Látòósà lè rí bẹ́ẹ̀ létí tirẹ̀. Bí kálukú wa bá ń yọ orúkọ tó ń dùn ún, kí ló máa kù lórí òkè?

Nítorí náà, mo kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: Ààrẹ, Bower, Láyípo. Mo kọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe. Bọ̀dá mú ẹ̀dà kan lọ sí London. Agolo náà ń bẹ lórí tábìlì mi, báírò ni mo ń kó sí i báyìí.

Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá délé ní ọlidé, ẹ bi àwọn àgbà pé kí ló dé tí àdúgbò yín fi ń jẹ́ bó ṣe ń jẹ́. Ẹ mú báírò dání. Èmi ò bi bàbá yẹn ní orúkọ rẹ̀, ó sì ń dùn mí.