Ta Ló Ń Bọ́ Bùráúsà?

Ẹni tó bá wo bàtà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ìpolówó bàtà náà wá ń tẹ̀ lé e kiri, sábà máa ń rò pé àwọn ọ̀daràn kan ló fọ́lé wọ bùráúsà òun. Ìtàn kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti tó nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún tí àwọn tó ń ṣe bùráúsà ti mọ ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, wọ́n sì mọ bí a ṣe ń tì í. Bóyá wọ́n á tì í tàbí wọn ò ní tì í, ibi tí owó tó ń bọ́ bùráúsà náà ti ń wá ló ń pinnu rẹ̀.

Títí di ọdún 1994, ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì kì í rántí ẹnikẹ́ni. Oníbàárà á mú ọjà sínú apẹ̀rẹ̀, kó tó dé ibi ìsanwó, wọn ò mọ̀ ọ́n mọ́. Ilé iṣẹ́ MCI fẹ́ ta ọjà níbẹ̀, kò sì fẹ́ máa fi kọ̀ǹpútà tirẹ̀ tọ́jú ọjà tí ẹnikẹ́ni kò tíì san owó rẹ̀. Lou Montulli, oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Netscape, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bùráúsà nígbà náà, ló wá ọ̀nà àbáyọ: kúkì, ọ̀rọ̀ kúkurú tí ìkànnì ń fún bùráúsà pa mọ́, tí bùráúsà á tún fi hàn nígbà tó bá padà wá, bí ìgbà tí báńkì bá fún ènìyàn ní táàlì. Ì bá rọrùn fún un láti fún bùráúsà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan tí gbogbo ìkànnì lè kà. Ó kọ̀, nítorí ó rí i pé wọn yóò fi nọ́ńbà náà tọpasẹ̀ ènìyàn láti ìkànnì kan dé òmíràn. Ìkànnì tó bá fúnni ní kúkì nìkan ló lè kà á. Ọ̀rọ̀ àṣírí, nígbà náà, ti wà nínú iṣẹ́ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwòrán ló ba ètò náà jẹ́. Ojú ewé ìwé ìròyìn lè gbé àwòrán ìpolówó tó wà lórí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ mìíràn, irú bíi DoubleClick. Bí bùráúsà bá lọ mú àwòrán náà wá, DoubleClick á fún un ní kúkì tirẹ̀. Bí ẹni náà bá wá lọ sí ìkànnì oúnjẹ tàbí ti ìwòsàn tí DoubleClick tún ní àwòrán sí, kúkì kan náà ni bùráúsà yóò fi hàn. Àwòrán náà kò tilẹ̀ ní láti ṣeé rí: ẹyọ àmì kan tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti ojú ewé mu ti tó. Báyìí ni ilé iṣẹ́ tí ènìyàn kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ṣe ń mọ gbogbo ibi tó yà sí, láìrú òfin Montulli.

Ní oṣù kejì ọdún 1997, IETF, ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì, gbé ìwé RFC 2109 jáde. David Kristol ti Bell Labs àti Montulli fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Ìwé náà ní kí bùráúsà má ṣe gba kúkì àjèjì, ìyẹn kúkì ilé iṣẹ́ tí ènìyàn kò yà lọ́dọ̀ rẹ̀, àyàfi bí ẹni tó ń lò ó bá fọwọ́ ara rẹ̀ gbà á láyè. Netscape kò tẹ̀ lé e, Microsoft náà kò tẹ̀ lé e. Àlàyé tí Montulli ṣe lẹ́yìn náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: ó ní bí a bá ti ọ̀nà yìí, àwọn apolówó yóò gba ọ̀nà mìíràn tí ojú kò tó, bẹ́ẹ̀ ènìyàn lè rí kúkì, ó sì lè pa á rẹ́. Òótọ́ wà níbẹ̀, nítorí lónìí wọ́n ń fi ìwọ̀n ojú fóònù àti irú lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà dá ènìyàn mọ̀ láìlo kúkì rárá. Ṣùgbọ́n Safari, bùráúsà Apple, ti ń ti ilẹ̀kùn yìí láti 2003, íntánẹ́ẹ̀tì kò sì dàrú. Nígbà tí Google wá ọgbọ́n yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn Safari, lẹ́yìn tó ti sọ pé òun kò ní ṣe bẹ́ẹ̀, ìjọba Amẹ́ríkà gba owó ìtanràn mílíọ̀nù 22.5 dọ́là lọ́wọ́ rẹ̀ ní 2012. Ká ní ilẹ̀kùn náà ṣí sílẹ̀ ni, ẹ̀sùn wo ni wọn ì bá fi kàn án?

Ẹ̀rọ ni Apple ń tà. Ẹ wá wo Microsoft, tó fi owó tó lé ní bílíọ̀nù 6 dọ́là ra aQuantive, ilé iṣẹ́ ìpolówó, ní 2007. Lẹ́yìn èyí, àwọn tó ń ṣe bùráúsà rẹ̀, Internet Explorer 8, fẹ́ kó máa dènà àwọn tó ń tọpasẹ̀ ènìyàn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan kan. Ìwé ìròyìn Wall Street Journal tú u síta ní 2010 pé àwọn ọ̀gá ẹ̀ka ìpolówó ló yarí, ohun tó sì jáde ni ètò tí ènìyàn gbọ́dọ̀ máa tún tàn ní gbogbo ìgbà tó bá ṣí bùráúsà. Google ní tirẹ̀ parí rírà DoubleClick, bílíọ̀nù 3.1 dọ́là, ní oṣù kẹta 2008. Oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn ni Chrome, bùráúsà tirẹ̀, dé. Ní 2020 ó ṣèlérí pé kúkì àjèjì yóò kúrò nínú Chrome láàárín ọdún méjì. Ó sún un síwájú, ó tún sún un, nígbà tó di oṣù keje 2024 ó ní òun kò ṣe mọ́. Ká má parọ́ mọ́ ọn: àwọn apolówó mìíràn ń pariwo nígbà náà, CMA, àjọ tó ń bójú tó ìdíje òwò ní ìlú Ọba, sì ń ṣọ́ ọ, pé bí Chrome bá tìlẹ̀kùn, Google tó ní dátà tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni yóò jèrè. Àwíjàre yìí gan-an ló fi hàn pé kò yẹ kí ẹni tó ń ta ìpolówó tún jẹ́ ẹni tó ni bùráúsà.

Wọ́n á ní ṣebí ẹnikẹ́ni lè yí ètò bùráúsà rẹ̀ padà. Ó lè ṣe é, àmọ́ mélòó ló ń ṣe é? Àkọsílẹ̀ ilé ẹjọ́ ní Washington fi hàn pé bílíọ̀nù 20 dọ́là ni Google san fún Apple ní 2022, kí ó lè jẹ́ ibi tí Safari ti ń wá ọ̀rọ̀. (Apple tó ń tìlẹ̀kùn náà ló ń gba owó yìí o.) Kò sẹ́ni tó máa san irú owó bẹ́ẹ̀ bí àwọn ènìyàn bá ń yí ètò tí wọ́n bá nílẹ̀ padà. Àtakò tó wúwo jù ni pé ìpolówó ló ń sanwó ohun tí à ń kà lọ́fẹ̀ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí HotWired gbé ìpolówó AT&T sójú ewé rẹ̀ ní oṣù kẹwàá 1994, àyè ni wọ́n tà, bí ìwé ìròyìn ṣe ń tà á; kò sẹ́ni tó tẹ̀ lé òǹkàwé lọ síbòmíràn.

Ní 2024 Google gbà láti yanjú ẹjọ́ tí wọ́n pè é lórí Incognito, fèrèsé Chrome tí àwọn ènìyàn rò pé ojú kankan kò rí àwọn níbẹ̀. Ó gbà láti pa ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù àkọsílẹ̀ rẹ́, ó sì gbà pé fún ọdún márùn-ún, fèrèsé náà yóò máa dènà kúkì àjèjì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Fèrèsé Incognito nìkan ni àdéhùn náà dárúkọ lórí èyí.