Ta Ló Ń Rí Ọmọbìnrin Tó Mọ Gọ́ọ̀fù Gbá? Ìtàn Bí Àwọn Yunifásítì Amẹ́ríkà Ṣe Ń Wá Wọn

Ẹni tó bá bèèrè ọdún tí gọ́ọ̀fù obìnrin bẹ̀rẹ̀ ní àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà yóò gba ìdáhùn mẹ́ta. Ìwé àkọsílẹ̀ NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá láàárín àwọn yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ kíkà láti 1982. Àwọn tó ń kọ̀wé lórí ẹ̀tọ́ obìnrin fẹ́ràn 1972, ọdún tí ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin Title IX, tó fòfin de ìyàsọ́tọ̀ láàárín ọkùnrin àti obìnrin ní ilé ẹ̀kọ́. Àwọn tó mọ ìtàn gọ́ọ̀fù fúnra rẹ̀ ń tọ́ka sí 1941, ọ̀dọ̀ wọn sì ni mo wà. Ìdí ni pé bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà dé ìdí, ohun tó ń gbé ọmọbìnrin láti pápá ìlú rẹ̀ dé yunifásítì ni pé ẹnì kan tó láṣẹ láti mú un rí i níbi tó ti ń gbá. Owó àti òfin yí bí wọ́n ṣe ń rí i padà, wọn kò dá rírí náà sílẹ̀. Ní ti ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú, ó tó kí a sọ pé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin onígọ́ọ̀fù kan, Women's Western Golf Association, ti ń ṣe ìdíje fún àwọn ọmọbìnrin láti 1920.

Ní 1941, Gladys Palmer, tó ń darí ẹ̀kọ́ eré ìdárayá àwọn obìnrin ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio, pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin láti yunifásítì gbogbo wá díje gọ́ọ̀fù. Eleanor Dudley láti Alabama ló gba ipò kìíní. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ Palmer, àwọn olùkọ́ eré ìdárayá, ló ta ko ìpè náà jù. Wọ́n ti rí ohun tí owó àti ariwo ìdíje sọ bọ́ọ̀lù àwọn ọkùnrin dà, wọ́n sì fẹ́ eré tí gbogbo ọmọ lè bá wọn ṣe dípò èyí tí yóò ṣa àwọn díẹ̀ tó mọ̀ ọ́n gbá jù. Àwọn òǹkọ̀wé kan máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín bí ẹni pé ayé ti fi wọ́n sílẹ̀. Mi ò bá wọn rẹ́rìn-ín, torí púpọ̀ nínú ohun tí àwọn obìnrin náà bẹ̀rù ló ti ṣẹ, a ó sì kàn án níwájú. Àmọ́ wọ́n ṣìnà níbì kan: láìsí ìdíje, kò sóhun tí yóò fi hàn pé ọmọ kan wà. Ogun dá ìdíje Palmer dúró títí di 1946. Ní 1949, USGA, àjọ tó ń darí gọ́ọ̀fù ní Amẹ́ríkà, dá ìdíje orílẹ̀-èdè fún àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀, Marlene Bauer, ọmọ ọdún 15, ló sì gba ife àkọ́kọ́. Mickey Wright gba ife kan náà ní 1952, ó wọ Stanford, kò sì pẹ́ tó fi kúrò níbẹ̀ lọ gbá gọ́ọ̀fù owó. Ní àsìkò wọn, gbogbo èèyàn rí ọmọ náà, ṣùgbọ́n yunifásítì kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ tó lè fi dá a dúró.

Nǹkan náà, ìyẹn owó ẹ̀kọ́, dé lẹ́yìn Title IX, kò sì wọlé ní tààrà. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà 1972 kò tiẹ̀ dárúkọ eré ìdárayá nínú gbólóhùn rẹ̀. AIAW, àjọ tí àwọn obìnrin fi ń darí eré tiwọn nígbà náà, ṣì fòfin de kí yunifásítì san owó ẹ̀kọ́ fún ọmọ nítorí pé ó mọ eré ṣe. Ìgbà tí Fern Kellmeyer, olùkọ́ tẹ́níìsì kan ní Florida, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ ní 1973 ni wọ́n tó yí òfin náà padà. Nancy Lopez ló dára jù láti fi wo ohun tó tẹ̀ lé e. Ní Roswell, New Mexico, ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin ló bá gbá ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Ó gba ife USGA àwọn ọmọbìnrin ní 1972 àti 1974, ó wọ Yunifásítì Tulsa pẹ̀lú owó ẹ̀kọ́, ó sì gba ipò kìíní AIAW ní 1976. Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú àwọn olúborí NCAA, nítorí pé NCAA kò tíì dá sí eré obìnrin. Ìwé tó bá ní 1982 ni ìbẹ̀rẹ̀ ti ju Lopez nù nìyẹn, ìyẹn nìkan sì tó fún mi láti má ṣe gbà á. Ẹnì kan lè sọ pé láìsí òfin, Lopez kì bá rí owó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ife àkọ́kọ́ rẹ̀ ti wà nínú àkọsílẹ̀ USGA kí AIAW tó gbà kí wọ́n sanwó fún obìnrin kankan.

AIAW kì í fẹ́ kí kóòṣì máa náwó yunifásítì kiri láti wá ọmọ. NCAA tó gba ipò rẹ̀ kò ní irú ìnira bẹ́ẹ̀. Ní 1982, Tulsa àti Kathy Baker gba ife NCAA obìnrin àkọ́kọ́, láti ìgbà náà ni kóòṣì ti di arìnrìn-àjò. AJGA, ẹgbẹ́ ìdíje àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1978, mú ìrìn náà rọrùn: ó kó àwọn ọmọ tó mọ̀ ọ́n gbá jù jọ sójú kan, ó ń ṣírò ipò wọn, kóòṣì mẹ́wàá sì lè dúró sí ẹ̀yìn ihò kan náà. Níhìn-ín ni ìbẹ̀rù àwọn alátakò Palmer ti ṣẹ, nítorí pé òbí tí kò lè san owó ọkọ̀, òtẹ́ẹ̀lì àti owó ìforúkọsílẹ̀ láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀, ọmọ rẹ̀ kò ní sí lójú ọ̀nà kóòṣì. Ètò Girls Golf tí Sandy LaBauve bẹ̀rẹ̀ ní Phoenix ní 1989 kó ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin wọ pápá, ṣùgbọ́n wíwọ pápá yàtọ̀ sí pé kí kóòṣì rí ọmọ.

Àwọn òbí máa ń gbọ́ pé owó ẹ̀kọ́ gọ́ọ̀fù obìnrin wà nílẹ̀ tí kò sẹ́ni tó gbà á. Ọ̀rọ̀ yìí yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, torí ó ti ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Títí di 2025, yunifásítì Division I, ìpele tó ga jù nínú mẹ́ta tí NCAA ní, lè san owó ẹ̀kọ́ kíkún mẹ́fà fún àwọn obìnrin, mẹ́rin àbọ̀ fún àwọn ọkùnrin. Àlàfo náà wá láti inú Title IX: bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà nìkan ń gba 85 fún àwọn ọkùnrin nígbà náà, ó di dandan kí àwọn obìnrin rí tiwọn níbòmíràn. Ìyẹn ló bí àròsọ náà. Ṣùgbọ́n mẹ́fà yẹn jẹ́ ibi tí a kò gbọdọ̀ kọjá. Kò sọ pé kí yunifásítì kó owó náà sílẹ̀. Kóòṣì sì lè pín in sí wẹ́wẹ́ fún ọmọ mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án. Nínú ìdíje, márùn-ún ní í gbá, mẹ́rin tó ṣe dáadáa jù ni wọ́n ń kà, nítorí náà kóòṣì yóò yàn láti má fún ẹnikẹ́ni ju kí ó fún ẹni tí iye ìgbá rẹ̀ kò ní wọ inú mẹ́rin náà. Division II ní 5.4. Division III àti àwọn ilé ẹ̀kọ́ Ivy League kì í san kọ́bọ̀ nítorí eré, àmọ́ wọ́n ní owó ìrànwọ́ mìíràn tó lè pọ̀ jù ú lọ fún ọmọ tó mọ̀wé tàbí tí òbí rẹ̀ kò lówó.

Àwọn ọdún àìpẹ́ yìí kò gba àlàyé púpọ̀. Àwọn kóòṣì ti ń bá àwọn ọmọ kéékèèké ṣe àdéhùn ẹnu lásán, títí NCAA fi sọ ní 2019 pé kóòṣì kò gbọdọ̀ bá ọmọ sọ̀rọ̀ ìgbanisẹ́gbẹ́ ṣáájú ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà lẹ́yìn kíláàsì kẹwàá. Àrùn kòrónà ti pápá mọ́ àwọn kóòṣì láti 2020 di 2021, ó sì mú kí wọ́n fi ọdún kan kún iye ọdún tí àwọn tó ti wà nílé ẹ̀kọ́ lè fi díje. Ní 2024, wọ́n pa ìwé àdéhùn orílẹ̀-èdè tí àwọn ọmọ ń fọwọ́ sí láti fi gba yunifásítì kan rẹ́. Ní oṣù Kẹfà 2025, ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí àdéhùn House, èyí tó parí ẹjọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ eléré pẹ̀lú NCAA: fún yunifásítì tó bá wọ inú rẹ̀, iye owó ẹ̀kọ́ kò ní ààlà mọ́, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù kò gbọdọ̀ ju ènìyàn mẹ́sàn-án lọ. Ọmọ ọdún 17 wá ń bá ẹni ọdún 21 tó fẹ́ ṣí láti yunifásítì kan sí òmíràn du àyè kan ṣoṣo, ẹni yẹn sì ti ní ọdún mẹ́ta àkọsílẹ̀ níwájú àwọn kóòṣì kan náà. Òfin tó de kóòṣì kò de ọmọ: ó lè kọ lẹ́tà nígbàkigbà, kí ó fi ìdíje tí yóò lọ, iye ìgbá rẹ̀ àti gígùn pápá tó ti gbá a ránṣẹ́, kí ó sì kọ ọ́ sí Division II àti III pẹ̀lú, níbi tí owó ọkọ̀ kóòṣì kò ti pọ̀ tó láti wá a lọ.